ÒDÒDÓ ONÍṢU INÚ ÌKÒKÒ: ÈYÍ TÍ Ó SÙN KÒ KÚ



Ní ìparí ìgbà òjò, nígbà tí ọyẹ́ bá ń múra àtidé, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Òdòdó inú ìkòkò tí ó ti ń dán láti oṣù kẹrin ọdún, tí àwọn àlejò sì ń yìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ewé. Ewé kan a wó lónìí, òmíràn a wó lọ́la, títí ìkòkò náà yóò fi ku erùpẹ̀ lásán. Onílé a rò pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́. A bu omi sí i ní òwúrọ̀, a tún bu omi sí i ní alẹ́. Nígbà tí kò bá rí ìyípadà, a da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òdòdó náà kò tíì kú nígbà tí ewé rẹ̀ wó. Ó sùn ni. Omi tí a bù sí i lójú oorun ni ó pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn òdòdó tí wọn kò sì fẹ́ kí ó máa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó dá lórí àwọn òdòdó tí ó ní iṣu nísàlẹ̀ erùpẹ̀, tí a sì ń gbìn sínú ìkòkò nínú ilé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Èkíní ni kókò òdòdó, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Caladium. Ewé rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Ó jọ ewé kókò tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ, ó sì ní àmì funfun àti pupa lára bí ẹni pé ẹfun àti osùn ni a fi kùn ún. Èkejì ni Gloriosa, tí ó ń fà bí ìtàkùn, tí ewé òdòdó rẹ̀ pupa tí ó sì ní àwọ̀ ìyeyè létí, tí gbogbo rẹ̀ yí sókè bí ahọ́n iná. Ẹ̀kẹta ni cyclamen, òdòdó ibi tí ó tutù, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rí ní ọjà ní gbogbo àkókò Kérésìmesì.

IṢU NI ÀKÁ ÒDÒDÓ

Àgbẹ̀ tí ó ti gbin iṣu rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé nígbà tí òjò bá wà, ìtàkùn iṣu a máa gun ọ̀pá, ewé rẹ̀ a máa gba oòrùn, oúnjẹ tí ewé náà bá sì ṣe ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ebè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìtàkùn a rọ, a sì gbẹ. Àgbẹ̀ kò sunkún nítorí ìtàkùn tí ó gbẹ. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ti wà nísàlẹ̀. Ó wa iṣu, ó kó o sí àká níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò sì dé. Kò sí àgbẹ̀ kan tí ó ń bu omi sí iṣu inú àká. Síbẹ̀, bí àkókò bá tó, iṣu náà a ta ẹ̀hù fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni òdòdó oníṣu. Iṣu rẹ̀ ni àká tí ó kó oúnjẹ àti omi pamọ́ sí de ìgbà ọ̀dá. Ewé ni omi ń gbà jáde lára ohun ọ̀gbìn. Nítorí náà, bí omi bá di ọ̀wọ́n, òdòdó a kó ohun tí ó wúlò nínú ewé rẹ̀ padà sínú iṣu, a sì ju ewé náà nù.

Ṣùgbọ́n àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sùn kò bára mu, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé ìṣe ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kókò òdòdó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Bràsíìlì àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká, níbi tí ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wà gẹ́gẹ́ bí tiwa. Gloriosa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Éṣíà, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó àti ọ̀dàn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn méjèèjì ń fi sùn. Cyclamen ní tirẹ̀ ti agbègbè òkun Mẹditaréníà wá, ní ìhà ilẹ̀ Tọ́kì, Gíríìsì àti Lẹ́bánónì, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ní ìgbà òtútù, tí ìgbà ooru sì gbẹ táútáú. Nítorí náà, ìgbà ooru ni ó ń sùn, ìgbà òtútù ni ó sì ń tanná. Ẹni tí ó rà á ní London ní oṣù kejìlá, tí ó sì rí i pé ewé rẹ̀ ń pọ́n ní oṣù karùn-ún, kò yẹ kí ó dà á nù. Oorun rẹ̀ ni ó tó.

EWÉ TÍ Ó Ń PỌ́N

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùtọ́jú bi ara rẹ̀ nígbà tí ewé bá ń pọ́n ni èyí: oorun ni tàbí àrùn? Ohun mẹ́ta ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Kí ó kọ́kọ́ wo oṣù tí a wà. Bí kókò òdòdó bá ń pọ́n ní oṣù kọkànlá, oorun ni. Bí ó bá ń pọ́n ní oṣù kẹfà nígbà tí òjò wà, ó ní ohun tí ó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ewé tí ó kọ́kọ́ pọ́n. Òdòdó tí ó fẹ́ sùn a máa bẹ̀rẹ̀ láti ara ewé tí ó pẹ́ jù lọ. Ní ìparí, kí ó fi ìka wa erùpẹ̀ díẹ̀ kí ó sì tẹ iṣu náà. Èyí tí ó sùn a le gbagidi. Èyí tí ó ń jẹrà a rọ̀ lábẹ́ ìka, a sì máa rùn.

Bí ó bá jẹ́ oorun ni, kí a dín omi kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí a má ṣe já ewé tí ó ṣì ní àwọ̀ tútù, nítorí pé ó ṣì ń sọ oúnjẹ kalẹ̀ sínú iṣu. Ẹni tí ó já a ti jí nínú oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀. Nígbà tí gbogbo ewé bá ti gbẹ, kí a dáwọ́ omi dúró pátápátá. A lè fi iṣu sílẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀ kí a sì gbé ìkòkò náà sí ibi gbígbẹ tí òjò kò lè dé. A sì lè wú u, kí a gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kí a sá a síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì rì í sínú iyanrìn gbígbẹ tàbí gẹdú lílọ̀ nínú agbọ̀n tàbí páálí.

A kò gbọdọ̀ dì í sínú ọ̀rá, nítorí pé ooru ara rẹ̀ yóò di omi níbẹ̀, yóò sì bu. A kò sì gbọdọ̀ gbé kókò òdòdó sínú fìríìjì. Òtútù tí ó bá lọ sílẹ̀ ju 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius a máa bà á jẹ́, fìríìjì sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a yẹ ibi ìpamọ́ wò bí àgbẹ̀ ti ń yẹ àká wò, kí a sì yọ èyí tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà kúrò láàárín àwọn yòókù.

IṢU TÍ Ó Ń JẸRÀ

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún iṣu inú ìkòkò. Nínú gbogbo òdòdó oníṣu tí ń kú nínú ilé, èyí tí omi àmujù ń pa pọ̀ ju èyí tí òùngbẹ ń pa lọ. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ láti mí. Bí omi bá kún gbogbo ojú ihò inú erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Gbòǹgbò a kú, olú tíntìntín tí ojú kò lè rí a sì kọlu iṣu.

Ìkòkò ni ó sábà máa ń fa ìṣòro yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbin òdòdó sínú garawa ọ̀dà, agolo mílíìkì tàbí ike tí kò ní ihò kankan nídìí. Kí a lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀, kí a sì fi àpáàdì bo ojú ihò náà kí erùpẹ̀ má baà ṣàn lọ. Erùpẹ̀ tí ó dára ni ìdá méjì ilẹ̀ dúdú, ìdá kan iyanrìn odò, àti ìdá kan ewé tí ó ti jẹrà dáadáa. Amọ̀ nìkan kò dára, nítorí pé a máa di omi mú. Kí a tó bu omi sí i, kí a ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ìka bá bá ọ̀rinrin pàdé, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá gbẹ, kí a bomi rin ín títí omi yóò fi jáde nídìí, kí a sì da èyí tí ó bá jáde nù.

Ti cyclamen yàtọ̀ díẹ̀. Iṣu rẹ̀ a máa jókòó sí ojú ilẹ̀, orí rẹ̀ a sì hàn síta. Omi tí a bá dà sí àárín orí náà yóò dúró láàárín àwọn igi ewé, yóò sì mú un bu. Nítorí náà, etí ìkòkò ni a ń da omi sí. A sì lè gbé ìkòkò náà sínú àwo omi fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ó fi ìdí mu, kí a wá gbé e kúrò. Òdòdó yìí kò fẹ́ ooru pẹ̀lú. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru ní ilẹ̀ òyìnbó, ewé rẹ̀ yóò pọ́n láìtọ́jọ́.

Bí ìjẹrà bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìrètí kò tíì pin. Kí a wú iṣu náà, kí a fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ibi tí ó rọ̀ kúrò títí a ó fi dé ibi tí ara rẹ̀ le tí ó sì mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fi eérú igi pa ojú ibi tí a gé, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń fi eérú pa ojú èbù, kí a sì sá a síbi òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú egbò náà gbẹ. Erùpẹ̀ tuntun ni a óò fi gbìn ín. Ti àtijọ́ ní àrùn nínú, kò sì yẹ kí a dà á sínú ìkòkò mìíràn.

IṢU TÍ KÒ HÙ ÀTI ÒDÒDÓ TÍ KÒ TANNÁ

Àwọn mìíràn tọ́jú iṣu wọn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìn ín, kò hù. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni àkókò. Iṣu tí oorun rẹ̀ kò tíì tó kò ní jí nítorí pé ènìyàn ń kánjú. Fún kókò òdòdó àti Gloriosa, kí a dúró títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi sún mọ́lé, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Èyí tí ó bá ta ẹ̀hù nínú iyanrìn ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni bí a ṣe gbìn ín. Kókò òdòdó ní ojú tí ẹ̀hù ń gbà yọ, apá tí ojú náà wà ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí erùpẹ̀ sì bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 5, èyí tí ó tó ìbú ìka mẹ́ta. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ṣì lè hù, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Iṣu Gloriosa yàtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sábà máa ń ní apá méjì bí ọ̀pá ẹ̀ka igi, ṣóńṣó orí apá kọ̀ọ̀kan sì ni ẹ̀hù ti ń yọ. Bí ṣóńṣó náà bá ṣẹ́, apá náà kò ní hù mọ́, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un, kí a tẹ́ ẹ gbalaja sínú erùpẹ̀, kí a sì ri ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó hù, nítorí ẹni tí ó bá ri ọ̀pá lẹ́yìn náà lè gún iṣu. Orí ewé rẹ̀ ni ó fi ń lọ́ mọ́ ọ̀pá gun òkè.

Bí Gloriosa bá hù tí kò tanná, ó lè jẹ́ pé iṣu rẹ̀ kéré jù, kí a sì fún un ní ọdún kan sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí a gbé e sí ṣókùnkùn jù. Ó fẹ́ oòrùn òwúrọ̀. Ajílẹ̀ àpọ̀jù pẹ̀lú a máa fa irú èyí. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó tutù tàbí ajílẹ̀ òyìnbó tí ó ní náítírójìn púpọ̀ a máa mú kí ewé pọ̀ yamùrá, ṣùgbọ́n òdòdó kì yóò yọ. Ní ti kókò òdòdó, bí ó bá yọ òdòdó, ó sàn kí a gé e kúrò, nítorí pé agbára tí ó yẹ kí ó lọ sára ewé àti iṣu ni òdòdó kékeré náà ń jẹ.

OÒRÙN ÀTI KÒKÒRÒ

Ewé kókò òdòdó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń ràn sí i, etí rẹ̀ a gbẹ, a sì di búráùn. Bí ibi tí ó wà bá sì ṣókùnkùn jù, igi ewé rẹ̀ a gùn gbọọrọ, a sì tẹ̀ wá sílẹ̀. Abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni ó bá a mu jù lọ.

Kòkòrò tí ó wọ́pọ̀ ni àwọn kékeré funfun bí òwú tí ń lẹ̀ mọ́ oríkèé igi ewé, àti àwọn tíntìntín tí ń ta okùn bí aláǹtakùn sí abẹ́ ewé nígbà ọyẹ́. Omi ara ewé ni wọ́n ń fà mu. Kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi nù wọ́n kúrò. Bí wọ́n bá padà wá, kí a po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi mọ́ lítà omi kan, kí a kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kí a sì wọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí òdòdó kò bá dàgbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì so kókó wẹ́wẹ́, aràn inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ni ó wọ̀ ọ́. Kò sí ọṣẹ tí ó lè dé ibẹ̀. Kí a da erùpẹ̀ náà nù, kí a sì fi omi gbígbóná fọ ìkòkò.

ÀWO ABẸ́ ÌKÒKÒ ÀTI Ẹ̀FỌN

Ohun kan wà tí ó ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àwo sábẹ́ ìkòkò òdòdó kí omi má baà ba ilẹ̀ ilé jẹ́, omi a sì dúró sínú àwo náà. Omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn Aedes aegypti ń wá láti yé ẹyin sí. Ẹ̀fọn dúdú tí ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀ ni, ọ̀sán ni ó sì ń jẹ ènìyàn. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú àti dengue kiri. Ní ọdún 1987, nígbà tí ibà pọ́njú jà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ẹ̀fọn tí ń pa sínú ìkòkò omi àárín ilé yìí ni ó gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin lè di tanwíjí, kí tanwíjí sì di ẹ̀fọn. Nítorí náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a da omi inú àwo nù, kí a sì fi kànìnkànìn fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dídà nìkan kò tó, nítorí pé ẹyin náà a máa lẹ̀ mọ́ ara àwo, ó sì lè wà láàyè níbi gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí omi yóò fi tún kàn án. Iyanrìn tí a bá dà kún inú àwo náà a máa fa omi mu, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀fọn rí ibi pamọ sí.

IṢU TÍ KÌ Í ṢE JÍJẸ

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí à ń jẹ iṣu, tí à ń jẹ kókò, tí à ń jẹ ànàmọ́, ojú oúnjẹ ni a fi ń wo ohunkóhun tí a bá wú nílẹ̀. Iṣu òdòdó kì í ṣe oúnjẹ.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti jẹ kókò tí kò jinná mọ bí ó ti ń yún ni lọ́fun. Ohun tí ń fà á ni àwọn abẹ́rẹ́ tíntìntín tí ó wà nínú ara rẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ kan náà wà nínú ewé àti iṣu kókò òdòdó. Ọmọdé tí ó bá jẹ ewé rẹ̀ lẹ́nu, ètè àti ahọ́n rẹ̀ a wú, itọ́ a máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, gbígbé nǹkan mì a sì nira fún un. Kí a nu ẹnu rẹ̀, kí a fi omi tútù fọ̀ ọ́. Bí wíwú náà bá pọ̀ tàbí tí èémí bá ń há a, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíá.

Ti Gloriosa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òdòdó tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún ni. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ní ọdún 1947, nígbà tí Ọmọ-ọba Elizabeth, ẹni tí ó padà di Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọmọ ọdún 21, ohun ọ̀ṣọ́ dáyámọ́ǹdì tí a ṣe ní àwòrán òdòdó yìí ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Southern Rhodesia dáwó jọ láti fi ta á lọ́rẹ. Síbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ní májèlé tí à ń pè ní colchicine, iṣu rẹ̀ àti èso rẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù. Ní ọdún 1820 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, kọ́kọ́ yọ májèlé náà láti ara òdòdó mìíràn tí ń jẹ́ Colchicum. Àwọn dókítà ń lò ó fún àrùn oríkèé wíwú tí à ń pè ní gout, ṣùgbọ́n hóró oògùn kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlígíráàmù lọ. Ẹni tí ó bá jẹ iṣu Gloriosa ti jẹ ìlọ́po púpọ̀ ìwọ̀n yìí. Ní Sri Lanka àti Íńdíà, àwọn ènìyàn ti kú nítorí pé wọ́n rò pé ànàmọ́ tàbí iṣu jíjẹ ni. Sísè kò mú májèlé náà kúrò.

Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè má mọ nǹkankan fún wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀ kí ewu gan-an tó dé bá ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kí a sì mú ewé tàbí iṣu tí ó jẹ dání kí dókítà lè mọ̀ ọ́n. Kí a má ṣe fi tipá mú un bì, kí a má sì ṣe ro epo pupa sí i lẹ́nu. Epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ewu sì di méjì.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. A kò gbọdọ̀ kó iṣu òdòdó sí àká, sí ilé ìdáná, tàbí sínú agbọ̀n tí a fi ń kó oúnjẹ. Àpótí tí ó ní ìdérí, tí a kọ MÁJÈLÉ sí lára, tí a sì gbé sókè kúrò ní ọwọ́ ọmọdé, ni ààyè rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ènìyàn inú ilé kò ti mọ ìwé kà, kí a fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí a sì fi han tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn tí a bá ti gbá a mú, kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ìkòkò Gloriosa pẹ̀lú kò yẹ níbi tí ewúrẹ́ tàbí ọmọ tí ń rá lè dé, ilé tí ó bá sì ní ọmọ kékeré lè fi kókò òdòdó sí orí pèpéle gíga, kí ó sì fi Gloriosa sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi gbọ́n.

Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí yóò rí i pé iṣu kan tí ó rà ní ọdún kan yóò di mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọdún díẹ̀. Kókò òdòdó ṣeé gé bí èbù, níwọ̀n ìgbà tí ègé kọ̀ọ̀kan bá ti ní ojú kan lára, tí a sì fi eérú pa á. Nígbà náà ni yóò ní èyí tí yóò fún aládùúgbò. Kí ó rántí láti sọ fún un, kí ó tó nawọ́ ìkòkò sí i, ìgbà tí òdòdó náà ń sùn, àti pé iṣu rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ.